Ìdérí Tí Kò Tì Mọ́ àti Ọwọ́ Sìdíkà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́, mo gbọ́ pé ẹ ń bi ara yín bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ṣì dára. Ó dára. Mo fi jẹun, mo fi tọ́mọ, mo sì fi kọ́ ilé kékeré kan sí ẹ̀yìn Agboju. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà àti ohun tí wọ́n ń san fún mi kò gba àlàyé púpọ̀. Àǹtí mi kan ní Satellite Town ló mú mi lọ bá ọ̀gá, mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde, ó parí. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni ohun tí iṣẹ́ náà fún wa àti ohun tó gbà lọ́wọ́ wa, nítorí kò sí iṣẹ́ tí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo fi ọjọ́ ayé mi tún ṣe, ní Festac àti káàkiri Amuwo-Odofin. Bí ẹ bá rí bàbá kan tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń rìn lọ ní First Avenue bí ẹni tó ń wá nǹkan tó jábọ́ sílẹ̀, èmi Gbénró nìyẹn. Ẹ̀rọ tí mo gbé gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn ilé Festac ló tẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́ àwọn ilé yẹn kò rò ó pé ẹnì kan máa gbé irin gòkè lọ sí àjà kẹta.

Mo pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti níyàwó, irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n mi, kí ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ ẹrù ní Mile 2 tó kógbá wọlé. Ojú tì mí gan-an láti padà di ọmọ iṣẹ́. Àwọn ọmọ tí n kò ní gbà kí wọ́n bá mi jókòó tẹ́lẹ̀ wá di ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á pè mí ní "Bọ̀dá Gbénró", wọ́n á bọ̀wọ̀ fún mi dáadáa, lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí Bọ̀dá Gbénró lọ gbálẹ̀. Mo ń gbá a. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Alájì Lásísì ni orúkọ ọ̀gá mi. Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó". Bí mo bá ń pè é ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí, ẹ ó rò pé ènìyàn púpọ̀ ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ onílẹ̀ ni. Àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ló ń dáko síbẹ̀ kí ìjọba tó wá kọ́ ilé sí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ta ilẹ̀, wọ́n ń gun ọkọ̀ olówó ńlá. Òun nìkan ló ní òun kò lè máa jẹ ohun tí òun kò fi ọwọ́ òun ṣe, ló bá ṣí ṣọ́ọ̀bù síbi tí kò jìnnà sí ọjà Agboju, ó ń tún ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn ṣe lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ó le. Mo ti rí ọ̀gá tó le, ṣùgbọ́n ti Alájì yìí ju ti sójà lọ. Kì í pariwo. Ó kàn máa ń wò ẹ́ títí ìwọ fúnra rẹ á fi mọ̀ pé o ti ṣi iṣẹ́ ṣe. Òfin kan ṣáájú gbogbo òfin rẹ̀: bí o bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ, o gbọ́dọ̀ yọ plọ́ọ̀gì rẹ̀ lára ògiri, kí o sì gbé orí plọ́ọ̀gì náà kọ́ èjìká rẹ, kó máa wà níbẹ̀ títí o fi máa ṣe tán. Àwọn oníbàárà máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a dà bí ẹni tó so ewúrẹ́ mọ́ ọrùn. Kò kàn án.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, mò ń nu inú ẹ̀rọ kan, ó sì dúró sẹ́yìn mi.

"Gbénró, ṣé mo lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ti dúró."

Ó fi ìka kàn mí lórí, ó dùn mí dé eyín.

"Ta ló dá a dúró? Ṣé ìwọ ni, àbí àwọn tó mú iná lọ? Bí wọ́n bá mú un dé nísinsìnyí ńkọ́? Ohun tó dúró lè rìn. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, a kì í sọ pé ó ti dúró. Kí là ń sọ?"

Àwọn yòókù dáhùn lápapọ̀ láì gbójú sókè, bí ọmọ ilé kéú: "Mo ti yọ ọ́!"

Láti ọjọ́ náà, "mo ti yọ ọ́" di ìkíni láàárín wa. Bí a bá fẹ́ lọ jẹun ní ọ̀sán, a ó ní a ti yọ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, a sọ ọ̀gá wa ní Alájì Yọ-Ọ́. Mo rò pé ó mọ̀, torí ọjọ́ kan ó sọ pé òun ti gbọ́ orúkọ tó burú ju ìyẹn lọ.

Ohun tó fẹ́ràn jù láti kọ́ wa ni mẹ́gáàdì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun kékeré kan wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀rọ ìfọṣọ tí wọ́n ń ṣí láti òkè, kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ máa yí kíkankíkan kí omi lè jáde lára aṣọ, òun ló ń ti ìdérí pa, kí ẹnikẹ́ni má baà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí kò bá rí ìdérí tì, kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ yí. Nítorí náà ni a ṣe ń pè é ní mẹ́gáàdì. Bí ẹ̀rọ bá gba omi, tó fọ aṣọ, tó sì wá kọ̀ láti fún un gbẹ, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Alájì kì í kọ́kọ́ mú irinṣẹ́. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Á pa ìdérí dé, á dákẹ́, á retí kí ó dún "kọ́". Bí kò bá dún, á ṣí i, á wo ìkọ́ kékeré tó wà lábẹ́ ìdérí bóyá ó ti ṣẹ́. Á fi ìka wá ọṣẹ tó ti gan mọ́ ihò rẹ̀, torí àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn ọṣẹ púpọ̀, wọ́n rò pé ìfófòó ló ń fọ aṣọ. Á wá ìpẹtà náà. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà kò fi irin lọ́rùn sílẹ̀ ní Festac. Ìgbà tó bá rí i pé gbogbo ìyẹn dára ni á tó tú òkè ẹ̀rọ, á yọ waya méjì tó wọ inú mẹ́gáàdì, á wá dán an wò. Nígbà tí mo dé, gílóòbù kékeré ló fi ń dán an wò: bí gílóòbù bá tàn, ọ̀nà ṣí nínú mẹ́gáàdì, bí kò bá tàn, ó ti kú. Bí ó bá ti kú, kò sí pé à ń tún un ṣe. Á tú bóòtù méjì, á gbé òkú jáde, á fi tuntun síbẹ̀, á sì pa ìdérí dé léraléra kí etí lè gbọ́ "kọ́" kí ó tó yó.

Mo rántí arábìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, aṣọ tó fẹ́ wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú ẹ̀rọ, mẹ́gáàdì ti ti ìdérí, kò ṣí. Nígbà tí a dé, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé e.

"Ní orúkọ Jésù, ìdérí yìí, mo ní kí o ṣí!"

Ẹ̀rọ dún "kọ́", ìdérí ṣí. Arábìnrin náà fò sókè. "Alájì, ẹ rí i? Ẹ rí i pé Ọlọ́run mi ń ṣiṣẹ́?"

Mẹ́gáàdì tó bá ti gbóná kì í ṣí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ní láti tutù díẹ̀. Alájì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní, "Àmín o, ọmọ mi. Jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀ ṣá, kí o má baà máa gbààwẹ̀ kí o tó rí aṣọ wọ." Arábìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Irú ènìyàn tí ọ̀gá mi jẹ́ nìyẹn kí ọ̀rọ̀ tó yí.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà nínú iṣẹ́ yìí. Bí mẹ́gáàdì bá kú, o lè gé e dànù, kí o so waya méjèèjì pọ̀, kí ẹ̀rọ máa rò pé wọ́n ti ti ìdérí. Dàírẹ́ẹ̀tì là ń pè é. Ẹ̀rọ á máa yí láìsí aṣọ́nà. Àwọn ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ń wọlé nígbà náà, ọ̀pọ̀ ló ti gba dàírẹ́ẹ̀tì kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Alájì kò gbà á láàyè rárá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ṣe dàírẹ́ẹ̀tì fún oníbàárà kan, Alájì lé e lọ́jọ́ náà gan-an. Gbogbo ẹbí wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹni tó bá lè fi ọwọ́ ọlọ́wọ́ ta tẹ́tẹ́ kò lè dúró ní ṣọ́ọ̀bù òun. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ nítorí rẹ̀.

Mo gba òmìnira lọ́dọ̀ Alájì, ṣùgbọ́n n kò kúrò. A jọ ń ṣe é lọ. Ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun ti wọlé, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti gbogbo ayé, àwọn oníbàárà kì í wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, wọ́n á kàn pè wá. A ra mítà tó ń fi nọ́ńbà dán waya wò, gílóòbù wọ àpótí lọ. Alájì kò fẹ́ràn mítà lákọ̀ọ́kọ́, ó ní nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù fún ohun tí gílóòbù fi ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo sọ. Nígbà tó yá, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan mítà náà mọ́ àfi òun.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Alájì bí, Sìdíkà. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Aṣọ ni Sìdíkà ń rán nínú ọjà Agboju, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ débi pé ó lè gé bùbá láì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Á wo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, á gbé síṣọ́ọ̀sì. Tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, èmi ló kọ́kọ́ máa ń bú: "Bọ̀dá Gbénró onírùngbọ̀n, ẹ jẹ́ kí n bá yín rán ìbòrí fún irùngbọ̀n yín." Ó fẹ́ awakọ̀ táńkà kan ní Satellite Town, ọmọlúwàbí ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló ń sùn. Ọmọ kò tètè dé. Nígbà tí ó máa dé, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbà á, ọmọbìnrin ni. Inú Alájì dùn débi pé ó ń sọ fún oníbàárà tí kò bi í léèrè.

Ìgbà òjò ni. Ọkọ Sìdíkà wà lọ́nà Òkè Ọya. Dókítà ti ní kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí bàbá rẹ̀ fún un nígbà ìgbéyàwó ló yẹ kó gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́gáàdì rẹ̀ kú lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. A wá irú rẹ̀ títí dé Alábà, kò sí. Ẹni tó máa bá wa kó o wọlé ní kí a fara balẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí Alájì ṣe. Láràárọ̀, kí ó tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù, á kọ́kọ́ lọ sí Satellite Town, á jókòó lórí àpótí, á fi ọwọ́ fọ ìtẹ́dìí ọmọ-ọmọ rẹ̀, á sá a, á tó máa bọ̀. Àgbàlagbà tó ti lọ sí Mẹ́kà. Kò tì í lójú. Sìdíkà ni kò lè gbà á mọ́ra. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ní ẹ̀kọ́ tó lè sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kó máa gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń fọ ìgbẹ́ ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Mo tẹ̀ lé Alájì lọ lọ́jọ́ kan láti lọ tún ẹ̀rọ náà yẹ̀ wò. Bí a ti wọlé, Sìdíkà kúnlẹ̀, pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ abẹ náà níkùn.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ará ilé ń wò mí. Wọ́n ń ní mo sọ bàbá mi di alágbàfọ̀. Ẹ bá mi ṣe é kó ṣáà máa yí títí tuntun á fi dé. Ọ̀sẹ̀ kan péré."

"Dìde, dìde ná. Ìwọ tí wọ́n la ikùn rẹ."

"N kò ní dìde. Bí ẹ kò bá ṣe é, màá bẹ̀rẹ̀ màá fi ọwọ́ mi fọ̀ ọ́. Ẹ kò ní fọ ìtẹ́dìí mọ́ nílé yìí."

Alájì wò mí. Mo ní, "Alájì." N kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

"Ọmọ mi ni, Gbénró," ó ní. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Lóòótọ́, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.

Ó tú òkè ẹ̀rọ, ó gé waya méjèèjì, ó so wọ́n pọ̀. Ẹ̀rọ yí, ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó pa á dé, ó wá pe ọmọ rẹ̀ súnmọ́ ọn.

"Sìdíkà, fetí sílẹ̀. Má ṣí i tó bá ń yí o. Tó bá ti dúró, kí o tó fọwọ́ sí i. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá mi. Tó bá ti dúró."

Mo gbọ́ ọ, kò sì ta mí létí. Bí ó bá jẹ́ àwa ọmọ iṣẹ́ ni, kò ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láéláé. À á gbé plọ́ọ̀gì kọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀gá ló ń sọ̀rọ̀, bàbá ni, bàbá sì máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sọ̀rọ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán ni. Sìdíkà kó ìtẹ́dìí àti ìró rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó ń yí lọ. Wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ náà rọra ń yí bọ̀, ó ń falẹ̀, ó dúró. Sìdíkà ṣí ìdérí, ó wò ó dáadáa, ó rí i pé ó dúró lóòótọ́. Ìró rẹ̀ ti wé mọ́ àárín ẹ̀rọ náà. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́, ó di ìró náà mú, ó ń fà á.

Wọ́n mú iná dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Èkó mọ bí ó ṣe máa ń rí tí iná bá dé. Gbogbo ọmọ àdúgbò pariwo ayọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti ilé dé ilé. Ariwo ayọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè gbọ́ igbe Sìdíkà. Obìnrin tó wà ní yàrá kejì sọ fún mi pé òun gbọ́ nǹkan, òun sì rò pé Sìdíkà náà ń yọ̀ pé iná dé ni.

Nígbà tí èmi àti Alájì fi máa dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti gé àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka tó tẹ̀ lé e, èyí tó kù kò sì ká mọ́. Wọ́n ti wé ọwọ́ náà, ó tóbi bí orí ọmọdé. Ọmọ ìkókó ń sunkún lọ́wọ́ aládùúgbò. Alájì dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ó sì ṣe mí bíi pé kó má bi í.

"Sìdíkà, ṣé o kò dúró kó dúró ni?"

"Ó dúró, Bàbá mi. Mo wò ó títí ó fi dúró, bí ẹ ṣe wí."

Alájì jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn náà, lórí símẹ́ǹtì, pẹ̀lú agbádá funfun. A kò lè gbé e dìde.

Àwọn ènìyàn wá kí i. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ó jẹ́ kí àwọn àkọ́kọ́ sọ ọ́ lọ. Nígbà tó yá, ó sọ fún ẹnì kan pé, "Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Obìnrin tó ń rán aṣọ ni. Agbè ló fọ́." Ó lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lé lọ́jọ́sí, ó ní òun ni wọn ì bá lé. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Alájì náà ń sunkún. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Alájì ń wo ẹ̀yìn, kò sì rí ẹlòmíràn níbẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ.

Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kò tún ẹ̀rọ kankan ṣe mọ́ títí ó fi kú. Tuntun tí a ń retí fún ẹ̀rọ Sìdíkà dé lọ́sẹ̀ kejì, gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò náà ṣe ṣèlérí. Mo gbé e sọ́wọ́, kò wúwo, mo sì jókòó sórí àpótí mo sunkún bí ọmọdé. Ohun tí à bá dúró dè kò jù báyìí lọ.

Sìdíkà gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì rán aṣọ. Kò ṣeé ṣe. Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ta òwú àti bọ́tìnì fún àwọn tó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò bínú sí bàbá rẹ̀, mo fi orí mi búra. Ohun tó pa á lára ju ìka lọ ni pé Alájì kò lè wò ó mọ́. Bí ó bá wá kí i, Alájì á dá a lóhùn, á ṣàdúrà fún un, á gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ jó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Bí ó bá yá, á ní oorun ń kun òun, á wọ yàrá lọ. Sìdíkà bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìbòrí kí bàbá rẹ̀ lè rí ààyè gbójú sókè. Kò gbójú sókè.

Sìdíkà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò bú mi nípa irùngbọ̀n mọ́, àwa méjèèjì ti dàgbà.

"Bọ̀dá Gbénró, ẹ bá mi bẹ Bàbá mi. N kò bèèrè nǹkan kan. Kí wọ́n ṣáà wo ojú mi. Ó ń ṣe mí bíi pé mo ti kú, tí wọ́n ń bá òkú mi sọ̀rọ̀."

Mo lọ. Mo ní, "Alájì, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo ojú ọmọ yín."

"Bí mo bá wo ojú rẹ̀, Gbénró, ojú mi á sọ̀ kalẹ̀ sí ọwọ́ rẹ̀. N kò ní agbára rẹ̀."

Mo tún lọ, mo tún lọ. Ìdáhùn kan náà ni.

Ẹ̀rọ ń yí padà lásìkò yẹn. Àwọn tuntun ní pátákó tó ń ronú nínú, tí nǹkan bá ṣe mẹ́gáàdì, iná kékeré á máa ṣẹ́jú, á fi lẹ́tà àti nọ́ńbà sọ ohun tó ń ṣe é. Etí mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríṣẹ́ ṣe mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo tún ọ̀kan ṣe, mo sì rí i pé bí iná bá lọ tó sì tún dé, kò ní yí àfi kí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ìròyìn tó yẹ kí n mú lọ fún Alájì nìyẹn. Mo jókòó tì í ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, mo sọ ọ́. Ó yí ojú sí ògiri, ó ní, "Ó pẹ́ kí wọ́n tó rò ó." Mo kábàámọ̀ pé mo sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ṣẹ́. Ẹ wá ọ̀gá tó le, ẹ má sá fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá di ọ̀gá, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń dáàbò bo ọmọ ọlọ́mọ ní ṣọ́ọ̀bù, òun gan-an ni kí ẹ sọ fún ọmọ yín nílé, pẹ̀lú ojú líle kan náà. Èmi kò rí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ yìí tó Alájì. Àánú ló mú un ṣi ọ̀rọ̀ sọ, àánú kò sì fi ìka dá padà fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbà ọyẹ́ ni àìsàn dé sí Alájì, kò sì pẹ́ lórí rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tó kú, Sìdíkà wà nílé náà, ó ń se ògì fún un. Alájì kò pè é. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe Mùsùlùmí, a kò jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀. Àwa ọkùnrin wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mò ń bu omi fún àwọn tó ń wẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n fi ojú rẹ̀ sílẹ̀, Alfa sì ní kí ọmọ rẹ̀ wá wò ó kí a tó bò ó.

Sìdíkà wọlé. Àwa tí a wà níbẹ̀ rò pé igbe ni ó máa ké. Kò ké. Ó kúnlẹ̀ síbi orí bàbá rẹ̀, ó yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kúrò lábẹ́ ìbòrí, ó gbé e síwájú ojú Alájì, níbi tí ènìyàn tó bá lajú gbọ́dọ̀ ti rí i. Ó dá a dúró síbẹ̀ pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó fi ìyókù ìka rẹ̀ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ẹ wò ó, Bàbá mi," ó ní. "Kò dùn mí mọ́."

Alfa dúró dè é. Kò sẹ́ni tó sọ pé kó yára.